Oríkì V-Boot, Ọba tí Ààfin Rẹ̀ Wà Lọ́dọ̀ Mẹkáníìkì

V-boot ni olórí gbogbo ọkọ̀ ọ̀gá tó ti di àlòkù, ìyẹn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá tí wọ́n rọ nítorí ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ju nítorí ẹni tó ń wà á lọ, ó sì tọ́ kí a to oríkì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ní ọjà Ìsìkàn l'Ákùúrẹ́ tó lọ fi owó náà ra oyè wálé. Mercedes-Benz ni orúkọ ìdílé rẹ̀, W124 sì ni orúkọ tí àwọn tó rọ ọ́ ní Jámánì fún un nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ìparí ọdún 1984. V-boot jẹ́ ìnagijẹ tí ilẹ̀ Nàìjíríà fi dá a lọ́lá nítorí ìdérí búùtù rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹrù ń wà lẹ́yìn ọkọ̀, tó ń tín-ín-rín bọ̀ wá sísàlẹ̀ láàárín iná ẹ̀yìn méjèèjì. Báyìí ni ó yẹ kí wọ́n máa kì í:

Àgbà ọkọ̀ tí kò gbà pé òun ti dàgbà,
Ọlọ́wọ́-kan-nujú-gbẹ,
Agbówó-oṣù-má-ṣẹ́jú,
Ọba tó fi ilé mẹkáníìkì ṣe ààfin.

Ìlà kìíní kò ní àbùmọ́ nínú rárá, nítorí ọdún 1995 ni wọ́n rọ irú ayọ́kẹ́lẹ́ yìí kẹ́yìn ní Jámánì, àbíkẹ́yìn ìdílé náà sì ti lo ọgbọ̀n ọdún láyé. Kí V-boot tó dé rárá, nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975, 504 ni ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó rí owó yá, Benz sì jẹ́ ti ẹni tó fọwọ́ sí ìwé owó tí wọ́n yá a. Ẹ̀yìn ìgbà tí náírà já wálẹ̀ pẹ̀lú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, tí ọkọ̀ tuntun fi di ohun tí òṣìṣẹ́ kàn ń fi ojú wò, ni tòkunbọ̀ wá gbòde, ìyẹn ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Kùtọnù, tí àwọn oníṣòwò sì ń wà á gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, títí ìjọba fi fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 2017. V-boot tó wà l'Ákùúrẹ́ àti l'Óǹdó lónìí kì í ṣe tòkunbọ̀ mọ́, nítorí ó ti pẹ́ nílé ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wà á lọ: ó ti jọba lọ́wọ́ kọmíṣánnà, ó ti jọba lọ́wọ́ oníkòkó, ó ti jọba lọ́wọ́ pásítọ̀, kí ó tó wá kan tíṣà tó ń yọ́jú wò ó láti òdì kejì títì.

Ọlọ́wọ́-kan ń tọ́ka sí wáípà, ọ̀pá onírọ́bà tó ń nu omi òjò lójú gíláàsì. Ọkọ̀ mìíràn ní méjì, ẹyọ kan ṣoṣo ni ti V-boot, ẹ̀rọ kan sì wà ní ìdí rẹ̀ tó ń tì í gùn síwájú nígbà tó bá ń lọ sí igun gíláàsì, tó tún ń fà á padà nígbà tó bá dé àárín, débi pé ibi tó ń nù fẹ̀ ju ibi tí ojú lè retí lọ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni èyí, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí gíríìsì inú ẹ̀rọ náà bá gbẹ ni ẹ̀fẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọba kò ní ọwọ́ kejì. Bí òjò oṣù July bá ká a mọ́ láàárín Bọ́lọ́runduro sí Òǹdó, olówó ọkọ̀ a bọ́ sílẹ̀ tòun ti agbádá, òun fúnra rẹ̀ a sì di wáípà.

Ti agbówó-oṣù rọrùn láti ṣírò. Lítà 70 ni táńkì V-boot ń gbà. Ní oṣù October ọdún 2024, náírà 1,030 ni ilé epo NNPC ní Àbújá ń ta lítà kan, èyí tó túmọ̀ sí pé náírà 72,100 ni ọba yóò mu kí ó tó yó, bẹ́ẹ̀ náírà 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin oṣù July ọdún kan náà fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí kò jẹun, tí kò sanwó ilé, tí kò sì rán ọmọ lọ sílé ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé ìparí, yóò ṣì jẹ ọba ní gbèsè náírà 2,100.

Síbẹ̀, ọlá tí ó ń bù fún ènìyàn kì í ṣe irọ́. Níbi òkú àgbà l'Óǹdó, ẹni tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà a máa gbé okùn sókè fún V-boot kí ó tó wo ẹni tó wà nínú rẹ̀, nígbà tí ẹni tó gbé Corolla wá, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò kọṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, yóò wá ibi kan ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Owó ọlá yìí ni àwọn tó ń ta V-boot kì í kọ sínú iye tí wọ́n ń pè é, torí náà ni owó rẹ̀ fi máa ń dà bí ọ̀fẹ́ létí ẹni tó ń rà á.

Ọba kì í dá jọba, V-boot sì ní ìjòyè tó pọ̀. Mẹkáníìkì ni Ọ̀tún rẹ̀. Ríwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà ṣe, ni Òsì, pàápàá fún èyí tó jáde láàárín ọdún 1993 sí 1995, nítorí awọ tó bo wáyà ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ọdún wọ̀nyẹn máa ń rún sọ́wọ́ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ojú wọn dùn ún wò. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà ń na ara rẹ̀ tó bá wọ́. Fọkanáísà sì ń fẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n ìjòyè tó ń jẹ̀fà jù lọ ni ẹni tó ń ta pátì, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkọ̀, nítorí ọ̀pá irin márùn-ún ló di táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan mú, bọ́ọ̀ṣì sì wà ní ẹnu àwọn ọ̀pá náà, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí irin kan irin. Bí gbogbo wọn bá pé, ọkọ̀ náà á máa rìn bí ẹni ń léfòó, bí kòtò ojú ọ̀nà bá sì jẹ wọ́n tán, ìró rẹ̀ yóò ti dé ilé kí olówó rẹ̀ tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ wọn yóò ránṣẹ́ sí ọjà Ládipọ̀ ní Múṣin, níbi tí wọn yóò ti bi í léèrè bóyá tuntun ló fẹ́ tàbí Belgium, orúkọ tí wọ́n ń pe pátì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun. Ní ti òótọ́, Belgium tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun tó jẹ́ ayédèrú lọ. Rọ́bà nìkan ni kò yẹ kí wọ́n ra àlòkù rẹ̀, nítorí rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ wà lórí àtẹ.

Kí wọ́n tó fi ọba jẹ, wọ́n máa ń yẹ ọmọ oyè wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra V-boot ti ń kù gìrì. Ẹni tó ń tà á a máa mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń pa ọ̀pọ̀ àrùn mọ́ra. Nítorí náà, ìdájí ló yẹ kí wọ́n lọ bá a láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má sì dúnàádúrà rárá bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ó bá tutù, kí wọ́n ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n wo inú rẹ̀: bí nǹkan funfun tó rí bí omi ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí omi ti máa bá ọ́ìlì lò pọ̀, kí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì sì ti lọ, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó tan án. Èéfín funfun tí kì í tán jẹ́rìí sí omi kan náà, èéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé ọ́ìlì ló ń jóná, dúdú sì ń sọ pé epo ń ṣòfò.

Ohun kan tún wà tí kò ní èéfín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná jù, àwọn mẹkáníìkì kan a máa yọ tẹ̀mósítáàtì rẹ̀ dànù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ, wọn a sì gba ìyìn pé àwọn ti wò ó sàn. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó mọ́, epo tó ń mu a sì pọ̀ sí i. V-boot irú 230E, tí ara rẹ̀ yá, yẹ kí ó máa mu nǹkan bíi lítà 10 fún kìlómítà 100. Èyí tí wọ́n ti yọ tẹ̀mósítáàtì rẹ̀ kò ní mọ ibi tí òǹkà náà wà. Tẹ̀mósítáàtì tuntun kò wọ́n, omi ẹ̀rọ tí wọ́n po òògùn ìdènà ìpẹtà mọ́ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n omi kànga ni ọ̀pọ̀ ọba ń mu.

Oyè tó kù ni èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Báàjì 300E, tó túmọ̀ sí ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, wà fún títà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ adé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló sì ti fi ọ̀nà yìí jẹ oyè tí bàbá rẹ̀ kò jẹ. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà ọkọ̀ mu. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà, tí wọ́n fín sára irin tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni kò mọ irọ́ pa: lára èyí tí wọ́n rọ fún Yúróòpù, WDB ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 124 a tẹ̀ lé e, nọ́ńbà mẹ́ta tó kàn a sì sọ irú ẹni tí ọba jẹ́. 020 ni 200, 023 ni 230E, 030 ni 300E. Kí ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn kí ó tó ka owó.