Níbi Tí Òyìnbó Ti Ń Dọ̀bálẹ̀

Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, kó rọra. Ọ̀rọ̀ ọ̀gbun la fẹ́ sọ.

Erékùṣù kan wà létíkun orílẹ̀-èdè Ireland, Inis Mór lorúkọ rẹ̀. Láti èbúté Ros an Mhíl, ọkọ̀ ojú omi máa ń lo nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀. Bí òkun Àtìláńtíìkì bá sì jí tìbínú-tìbínú lọ́jọ́ náà, oúnjẹ àárọ̀ tí ẹ jẹ lè ṣáájú yín sọ̀ kalẹ̀.

Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀, àwọn tó ń fi ẹṣin wọ́ kẹ̀kẹ́ á máa pè yín, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológere háyà náà á máa pè yín. Ibì kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú èrò ń lọ: Dún Aonghasa, odi àtijọ́ tó wà lórí òkè, létí ọ̀gbun tó jìn ju 80 mítà lọ.

Níbi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ìrìn dé odi náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà kan lọ. Òótọ́ ni. Wọn ò kàn sọ pé òkè lẹ máa fi gbogbo rẹ̀ gùn ni, àti pé àpáta gbágungbàgun lẹ máa bá parí rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó mú ọ̀pá dání á yà yín sílẹ̀, ẹ̀yin á sì dúró, ẹ á ní ẹwà òkun lẹ̀ ń wò.

Àtinǹkan bí ọdún 1100 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Òkúta lórí òkúta, kò sí sìmẹ́ǹtì, ògiri ń bẹ lẹ́yìn ògiri. Lóòótọ́, wọ́n tún ibì kan ṣe ní ọ̀rúndún 19. Síwájú àwọn ògiri yìí, wọ́n ri òkúta ṣóńṣó-ṣóńṣó mọ́lẹ̀, kí ọ̀tá má baà rí ibi sáré gbà. Ọ̀tá tó bá la gbogbo ìyẹn kọjá, omi mímu ni yóò kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ìjà.

Apá òkun wá ńkọ́? Gbayawu! Kò sí ògiri, kò sí okùn. Àwọn kan ní apá kan odi náà ló ya sómi, àwọn mìíràn ní bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Èmi ò dá sí i. Tèmi ni pé ẹni tó kọ́ irú ilé yẹn, aládùúgbò bà á lẹ́rù ju ikú lọ.

Béèyàn bá wá débẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un kó tó wólẹ̀. Á kúnlẹ̀, á fàyà balẹ̀, á wọ́ dé bèbè, á yọ orí wo ìgbì tó ń fọ́ yángá nísàlẹ̀. Òyìnbó tí kò kí bàbá ìyàwó ẹ̀ kọjá bíbọwọ́ rí, ẹ wá wo ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja! Àyà á kanlẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á nà tọ̀ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, kò sì ní tètè dìde. Òkun ò tiẹ̀ ní sọ fún un pé ó ṣeun.

Bí ẹ̀yin náà bá máa lọ, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe ti òde ìgbéyàwó. Ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fọ́tò, bí ẹni tó ń yà yín bá ní, "Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i," mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a lóhùn o.