Owó Pa Á, Ó sì Kú

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn tó fẹ́ gba owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ wọn, mi ò sì rí ẹnì kan tó dúró níbi "pa" yẹn rí. Sísáré là ń sáré kọjá lórí rẹ̀ lọ bá owó. Ìgbà tí èmi fúnra mi wá fi owó pa ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan, èyí tí alápatà ti pa tẹ́lẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ẹlẹ́dẹ̀ náà kú lẹ́ẹ̀mejì.

London ni, nínú oṣù Kejìlá. Àwòrán kan ni mo rí lórí fóònù: ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yan, awọ rẹ̀ pọ́n, ó wú bí àkàrà, òrùka ọ̀pẹ òyìnbó sì dé e lórí bí fìlà. Mo ní ohun tí n ó fi gba àlejò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́lá, ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká kúkú se ìrẹsì?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yìn ẹran náà gba £34 lọ́wọ́ mi. Èjìká wà níbẹ̀, kò tó ìdajì owó yẹn. Èjìká ní ọ̀rá nínú; òun ló ń fara da iná fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, tí í sì í rọ̀. Ẹ̀yìn kò lọ́ràá. Bí iná bá pẹ́ díẹ̀ jù lára rẹ̀, igi ni. Ẹni tó ta ẹran fún mi sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fi èjìká gba àlejò? Mo ra iyọ̀ kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú, òkè kan ní Pakistan ni wọ́n ti ń wà á. Ó dùn bí iyọ̀. Mo wá ra tẹmómítà tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, £79.

Mi ò bú èso o. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́ràá, èso kíkan ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá sú ni. Àwọn ará Kúbà mọ̀ bẹ́ẹ̀: lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, omi ọsàn kíkan àti áyù ni wọ́n fi ń pa ẹlẹ́dẹ̀ lára kí wọ́n tó yan án. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ápù ṣe tiwọn, pàápàá Bramley, tó kan débi pé ẹnu kì í gbà á ní tútù, ṣùgbọ́n bí iná bá ti kàn án, á rú sókè bí ìfófòó ọṣẹ. Ìtàn ápù yìí tilẹ̀ bá òwe wa mu. Ọmọbìnrin kan, Mary Ann Brailsford, ló gbin kóró rẹ̀ ní Southwell ní 1809. Ní 1846, Matthew Bramley ra ilé tí igi náà wà. Nígbà tó di 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Henry Merryweather, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gé lára ẹ̀ka igi náà lọ gbìn tà. Bramley ní kò burú, kí wọ́n ṣáà fi orúkọ òun pe èso náà. Mary Ann gbìn ín, owó ló sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ wo sì ni Bramley ń ṣe? Alápatà ni.

Bramley mẹ́ta, tí owó wọn kò tó £2, ì bá tó mi. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ òyìnbó ló wà nínú àwòrán. Mo ra tútù kan, mo lọ̀ ọ́, mo ri ẹran sínú rẹ̀ mọ́jú. Mo tún ra méjì inú agolo, nítorí òrùka. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ìka kan ẹran náà, ìka wọlé.

Ìyá mi, tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, ti dúró lẹ́yìn mi. "Kí lo fi sí i?"

"Ọ̀pẹ òyìnbó ni, Mọ́ọ̀mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ìbẹ́pẹ dúdú tí mo máa ń jù sí ẹran òbúkọ tó bá gbó, ṣé mo máa ń fi sùn ni?"

Èyí tó wà nínú ọ̀pẹ òyìnbó tútù ń jẹ́ bromelain, ti ìbẹ́pẹ ń jẹ́ papain. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń tú ara ẹran palẹ̀. Ti inú agolo kò lè ṣe é mọ́, iná tí wọ́n fi sè é ti pa á. Mọ́ọ̀mi ò gbọ́ orúkọ kankan nínú wọn rí. Ìgbà tó yẹ ká yọ ọ́ ló mọ̀.

Awọ ńkọ́? Àwa tí a ń torí pọ̀nmọ́ jà nínú ọbẹ̀, ó yẹ ká mọ̀ nípa awọ. Ti ẹlẹ́dẹ̀ kì í béèrè owó: là á wínníwínní, nù ún gbẹ, fi iyọ̀ pa á, gbé e sí fíríìjì mọ́jú láìdé e, kí iná àkọ́kọ́ sì le. Tèmi sùn nínú omi. Mo tún wá fi oyin kùn ún. Oyin jó dúdú, awọ abẹ́ rẹ̀ ṣì ń fà bí ìsàlẹ̀ bàtà.

Ó ku tẹmómítà. Láti 2011 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní bí odindi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bá ti gbóná dé 63 ní òṣùwọ̀n Celsius, tó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 3, ó tó jẹ. 71 ni tẹ́lẹ̀. Mo fi 63 sí i, fóònù ni yóò pè mí. Fóònù kú. Mo ti fi ya fídíò oyin nígbà tó ń ṣàn. Èmi tí mo dúró níwájú ófùn, tí òórùn ẹran ń fẹ́ sí mi nímú, mò ń wá ṣájà kiri.

Àlejò dé. Alhaji, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, jókòó. Bàbá Sẹ̀lẹ́ tó ń gbé lókè wa jókòó, tòun tìyàwó rẹ̀. Mo gbé àwo wọlé, mo sì rí ojú ìyàwó mi. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Sẹ̀lẹ́ náà kà á léèwọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá Alhaji ṣe àna.

Ó ku Mọ́ọ̀mi, tó ń jẹ ẹ́. Ó gé bíńtín, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Ìyàwó mi dìde láìsọ̀rọ̀, ó gbé ìrẹsì àti adìyẹ tó ti sè pamọ́ láti àárọ̀ jáde. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo ṣí agolo kejì. Alhaji jẹ òrùka mẹ́ta. "Àna wa, èyí dùn o. Èló lẹ rà á?"

"£1.10, sà."

"Ẹ̀rọ tó wà lára ẹran yẹn ńkọ́?" Mọ́ọ̀mi ló bi mí.

Mo ní £15.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ, mo da omi gbígbóná sínú bàsíà, mo kó ṣíbí àti ẹ̀rọ náà sí i. Fóònù dún lẹ́nu ṣájà tó wà: ẹran yín ti jinná. Mọ́ọ̀mi ké láti yàrá pé, "Ta ló tún ń se ẹran lóru?"