Kábíyèsí, Abà Onípákó Etí Saimaa!

Ẹ yàgò! Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ilé ráyè kúnlẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin ilé ni kí ó máa ki ilé ọkọ rẹ̀, gbèsè tèmi sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ìyàwó ni. Abà yìí ti dúró kí wọ́n tó bí ẹni tó fẹ́ mi, nítorí náà ọkọ mi àgbà ni. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Àdàpè ni mo mú wá.

Ajòmádá, ọkọ mi!
Òjò dá lóde, tìrẹ kò dá nínú ilé.
Kúkúrú ọba tí í mú ẹni gíga tẹrí ba:
Àgbà dé, ó tẹ̀; àlejò dé, ó tẹ̀;
Ẹni tó ní òun kò ní í tẹ̀,
Àtẹ́rígbà rẹ ló bá a sọ̀rọ̀ níwájú orí.

Ilẹ̀ Fínlándì ni ìtẹ́ rẹ wà. Èèyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 6, ṣùgbọ́n adágún wọn tó 188,000, abà ìgbà ooru bíi tìrẹ, tí wọ́n ń pè ní mökki, sì lé ní 500,000. Ìlú tí ọba ti pọ̀ tó báyìí, bóyá ló ku ẹni tí yóò jẹ ìjòyè. Síbẹ̀, ìwọ lo rí etí Saimaa jókòó sí, adágún tó fẹ̀ jù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Omi tó fẹ̀ tó 4,400 kìlómítà onígun mẹ́rin ń bẹ níwájú rẹ, ẹ̀kán kan ṣoṣo kò sì gba ẹnu ẹ̀rọ jáde rí nílé ìdáná rẹ. Olómi tí í jẹ́ kí àlejò pọnmi kó tó fọ abọ́ tó fi jẹun!

Aláṣọ pupa, mo kí aṣọ rẹ. Ọ̀dà ọjà kọ́. Erùpẹ̀ pupa ni wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun ọkà rye àti èròjà irin, tí wọ́n gbé e ka iná, tí wọ́n ń rò ó bí ògì. Ìran dé ìran ni wọ́n ti ń fi kun ilé pákó ní apá ibẹ̀ yẹn, torí kì í jẹ́ kí igi tètè jẹrà. Bàbá ọkọ mi gba ọ̀dà yìí gbọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ìhà tó kọjú sí omi nìkan ni wọ́n máa ń kùn, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ ojú omi ti ń wò ọ́. Ọba tó wọ agbádá níwájú, tó tú ẹ̀yìn sílẹ̀ fún igbó!

Olórí tòkunbọ̀! Ohunkóhun tó bá kú nílé wa ní Helsinki, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń jíǹde sí. Ìyá ọkọ mi kì í sọ nǹkan nù. Wọ́n á ní kí a gbé e lọ sí abà. Ibẹ̀ ni àga tí ìwé ìròyìn àtijọ́ ń ṣe ẹsẹ̀ kẹrin fún wà, ibẹ̀ ni aago tó ti fẹ̀yìn tì wà, ibẹ̀ la ti ń fi páànù tí kò lọ́wọ́ mọ́ dín ẹja muikku tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka lọ. Òtútù inú ilẹ̀ ti gbé igun rẹ kan sókè, ó fi ìyókù sílẹ̀: ànàmọ́ tó bá já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́ fèrèsé la ti ń he é.

Àwọn èkúté inú ògiri rẹ náà, ọkọ mi ni wọ́n; mo bá wọn nílé. Nígbà òtútù, tí ojú Saimaa bá di òkúta, tí ẹnikẹ́ni kò yà kí ọ mọ́, àwọn ni ìjòyè tí ń ṣọ́ ààfin. Inú tìmùtìmù wa ni wọ́n ti ń gba owó oṣù wọn. Onílù ààfin ni yànmùyánmú. Lóde ayẹyẹ tiwa nílé, àlejò ló ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí; lọ́dọ̀ rẹ, onílù ló ń lẹ ara rẹ̀ mọ́ àlejò.

Mo kí ṣáláńgá rẹ, igbákejì ọba, tó fi ìtìjú kọ́lé tirẹ̀ sẹ́yìn igbó. Ẹni tó bá mu ife tíì kejì lálẹ́ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò. Mo kí sauna, ilé ooru tí a ti ń làágùn, ẹ̀gbọ́n rẹ, tí bàbá àgbà ọkọ mi kọ́kọ́ kọ́, tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀ títí ìwọ fi ní òrùlé. Ní 2020, UNESCO kọ àṣà sauna àwọn ará Fínlándì mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Wọn kò kọ ìṣó tó yọrí lórí pákó ìjókòó tìrẹ mọ́ ọn. Ìṣó náà máa ń gbóná. Ẹni tó bá jókòó lé e, inú adágún ni yóò ti rántí pé òun dìde.

Alvar Aalto, àgbà ayàwòrán-ilé wọn, kọ́ abà tirẹ̀ sí Muuratsalo, létí adágún Päijänne, ní nǹkan bí ọdún 1953. Oríṣiríṣi bíríkì ló tò sára ògiri ilé náà láti fi dán wọn wò. Ìwọ kò ní bíríkì. Àwa lo fi ń ṣe ìdánwò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán. Kí la fi ń mọ ọba? Ṣé ẹwà ààfin ni? Àwọn tó ń sìn ín ni. Ọkọ mi gidi, tó ní ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ní Helsinki, tí kì í gbé abọ́ dé ibi tí ẹ̀rọ náà wà, ẹ wá wò ó níhìn-ín: korobá lọ́tùn-ún, korobá lósì, ó tún ń súfèé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sanwó fún ẹni tó ń gé koríko wọn nílé, níhìn-ín wọ́n á la igi títí àtẹ́lẹwọ́ wọn á fi bó. Bí omi dídì bá yọ́ lóṣù karùn-ún, tòun tẹ̀gbọ́n á wọ inú omi tútù lọ gbé èbúté onípákó rẹ padà sáyè, torí omi dídì ti gbá a kúrò. Ìsinmi ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Juhannus sì ni ọdún rẹ. Láti 1955, Sátidé tó bá bọ́ sáàárín ogúnjọ́ sí ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ni wọ́n ń ṣe é. Helsinki á dá páropáro, ẹbí á kó wá, wọ́n á dá iná ńlá kokko létí omi. Alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣú tán, aṣọ fèrèsé rẹ kò sì lágbára láti dí ìmọ́lẹ̀. Oorun di èèwọ̀. Ẹrú ọba kì í sùn lọ́jọ́ ọdún.

Èmi ni mo la ẹnu sọ pé kí a fa omi ẹ̀rọ wọlé, kí a pe káfíńtà kó wá tún òrùlé ṣe. Owó wà. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, bí ẹni pé mo bú ọba lójú. Ìyá ọkọ mi ní tí omi bá ń dá ṣàn wọlé, kí ni àwọn ọkùnrin yìí á máa wá ṣe? Mo gbà fún wọn. Ilé tó pé kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ilé tí kò bẹ ẹnikẹ́ni, tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tì í, wọ́n á tà á. Ọmọ bàbá kan náà tí kì í pe ara wọn lórí fóònù láti oṣù kẹwàá, òrùlé tó ń jò ló ń kó wọn jọ. Oore tí o ṣe wọ́n kò ju pé o kò lè dá dúró.

Nítorí náà, máa jò lọ, Ajòmádá.
Máa tẹ̀, má ṣe wó.
Kí ìṣó má tán nílé rẹ,
Kí ẹni tí yóò fi òòlù gbá ìka ara rẹ̀ má tán.

Oríkì parí, ó ku owó. A kì í ki ọba lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé o kò ní kọ́bọ̀. Owó ilé yìí, pákó àti ọ̀dà rẹ ti jẹ ẹ́ tán. Fi òru kan ṣoṣo láìsí yànmùyánmú san án fún mi. Tí ìyẹn bá wọ́n jù, fún mi ní ìhà ibùsùn tí òjò kì í dé, kí ọkọ mi gidi lọ sùn ní ìhà kejì. Òun ló kúkú fẹ́ràn rẹ jù.