Ẹ Bi Àǹtí Àgbà: Ta Ni Noah?

Ojú ìwé yìí, ti ọkọ àti aya ni, ti orogún àti ìyá ọkọ, ti ẹni tó yá àbúrò rẹ̀ lówó tí àbúrò wá ń wọ dígí dúdú kọjá níwájú ilé. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, gúúsù Chicago ni lẹ́tà ti ń wá jù, ọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù ló sì kún inú wọn. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ibẹ̀ fi ọkàn fún ẹgbẹ́ White Sox, White Sox sì fi ọkàn náà gbálẹ̀. Wọn ò wá lè wo àwọn àgbà mọ́, ni wọ́n bá kó sẹ́yìn àwọn ọmọ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ bó ṣe ń lọ, ẹ gbọ́: ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ní ẹgbẹ́ kéékèèké mẹ́rin gbòógì lábẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń tọ́ ọmọ. Ní ti White Sox, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ní Kannapolis, á gòkè sí Winston-Salem, á dé Birmingham ní Alabama, á kọjá sí Charlotte, kó tó wá yọ ní Chicago, bí apá, orúnkún àti orí bá gbè é. Ọ̀pọ̀ kì í yọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìyí.

*

*Àǹtí Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ni mo fẹ́ fi sùn yín. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á dojú kọ ògiri, á máa rẹ́rìn-ín sí fóònù. Lóru ọjọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Noah, ọmọ dáadáa, rọra o, má jẹ́ kí apá dùn ọ́.” Mo ní ta ni Noah? Ó ní ọmọkùnrin kan tó ti gbá ní Birmingham rí ni. Mo ní ọmọ ta ni? Ó ní, “Ọmọ wa ni.” Àǹtí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún ọkùnrin yìí. Kò sí Noah nínú wọn.*
*Ìyá Ọmọ Mẹ́ta*

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, nu ojú rẹ. Ọkọ rẹ kò bímọ síta. Noah Schultz ni ọmọ tó ń sọ, ọlọ́wọ́ òsì tó ń ju bọ́ọ̀lù, tí White Sox yàn ní 2022. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́sàn-án. Wo ọkọ rẹ láti òkè délẹ̀, kí o bi ara rẹ léèrè bóyá ó lè bí irú ìyẹn.

Ohun tó lé e dé Birmingham ni kí o káàánú rẹ̀ fún. Ní 2024, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 162 ni White Sox gbá. Wọ́n borí 41, wọ́n pàdánù 121. Láti 1900, kò sí ẹgbẹ́ tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan ṣoṣo. New York Mets ti 1962 ló ni àbùkù náà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú 120, wọ́n sì ti rù ú fún ọdún 62 kí White Sox tó wá sọ̀ ọ́ fún wọn. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, wọ́n pàdánù 21 léra wọn. Pedro Grifol ló ń tọ́ wọn nígbà náà. Gbogbo 21 yẹn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó wá borí ẹyọ kan tán, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé. Èmi tí mo ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, n kò rí irú èyí rí.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ Birmingham gba ife Southern League. Kí ni o fẹ́ kí ọkùnrin ṣe? Ó kúrò níbi tí wọ́n ti ń sunkún, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń jó.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Má bá a jà. Àwọn tó ń wá ọmọ kiri fún àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní òṣùwọ̀n kan, láti 20 dé 80, tí 50 jẹ́ ti ẹni tó kàn wà níbẹ̀. Wọ́n fi ń wọn bí ọmọ ṣe ń sáré, bó ṣe ń jù, bó ṣe ń lù. Mú ìwé, kí o wọn ọkọ rẹ. Ẹnu dídùn: 70. Abọ́ fífọ̀: 30. Owó iléèwé: 45, ṣùgbọ́n ó lè gòkè bó bá rí olùkọ́ gidi. Gbígbọ́ tí ọmọ ń sunkún lóru: 20. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, kọ ọ́ pé: *a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ bí oníbàárà bá dé*. Mo fi dá ọ lójú pé kó tó di Sátidé, abọ́ á ti di 55.

Lẹ́yìn náà, ní kó gbé ọ lọ sí Birmingham. Michael Jordan pàápàá gbá bésíbọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní 1994, nígbà tó fi bọ́ọ̀lù aláwọ̀n sílẹ̀. Bí wọ́n bá jù ú sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, bíi méjì ló ń rí lù dáadáa. Rickwood Field wà níbẹ̀ náà, pápá tí wọ́n ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù láti 1910, níbi tí Willie Mays ti gbá fún Black Barons kó tó di ẹni ayé. Bí ẹ bá rí Noah níbikíbi, kí i dáadáa. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

*

*Àǹtí wa, oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹjọ, dókítà ní ọkùnrin ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní Hagen, nítorí Hagen Smith, ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù tí a yàn ní 2024. Màmá mi ní bí mo bá dán an wò, òun kò ní fẹsẹ̀ kan ìkómọ.*
*Bàbá Hagen (bí Màmá bá gbà)*

Bàbá Hagen, ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí ìwọ ń wò yìí, 121 ni wọ́n pàdánù. Màmá rẹ kò jẹ̀bi.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó ṣẹnu ṣámúṣámú títí tí àgbọ̀n fi rẹ̀ wọ́n. Ní 1991, nínú gbogbo ọmọ tó wà nílẹ̀, Brien Taylor ni Yankees kọ́kọ́ yàn. Wọ́n kó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là àti àádọ́ta ẹgbẹ̀rún lé e lọ́wọ́. Oṣù Kejìlá 1993, ó bá wọn dá sí ìjà nítorí arákùnrin rẹ̀, èjìká ya. Kò ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní líìgì ńlá títí dòní. Mark Appel ńkọ́? Òun ni àkọ́yàn 2013. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2018, ó tún padà, ó sì dé òkè ní 2022 lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń ro ti ìfẹ̀yìntì. Ká ní o ti sọ ọmọ ní Appel, á ti máa lọ sí iléèwé kí ìdí orúkọ rẹ̀ tó hàn.

Ajubọ́ọ̀lù ló sì burú jù láti fi sọmọ lórúkọ, nítorí ìgbọ̀nwọ́. Láti 1974 tí Dókítà Frank Jobe ti yọ iṣan lápá ọ̀tún Tommy John, tó fi tún ti òsì ṣe, iṣẹ́ abẹ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìkíni káàbọ̀. Ọjọ́ kẹjọ yá jù. Jẹ́ kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá apá Hagen tó ń ju bọ́ọ̀lù máa tọ́jọ́, kí o tó pe àlùfáà.

Bó bá wá jẹ́ dandan pé orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ rántí ajubọ́ọ̀lù, àwọn baba wa ti ronú sí ọmọ tí a kò mọ̀ bóyá yóò dúró. Málọmọ́ wà. Dúrósinmí wà. Bánjókòó wà, èyí tó bá ẹni tí wọ́n lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ nígbàkúùgbà mu wẹ́kú. Bánjókòó Smith. Sọ ọ́ sókè kí Màmá gbọ́, wò ó bí kò ní dìde ra aṣọ ẹbí.

Tàbí kí o ní sùúrù. Ní 2021, White Sox yan Colson Montgomery, ọmọ Indiana, gbogbo èèyàn sì ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ní 2024 ó dé Charlotte, igi kò bá bọ́ọ̀lù mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó burú débi pé wọ́n dá a padà sí Arizona kó lọ tún ìfigilù rẹ̀ kọ́. Àwọn tó ń pariwo dákẹ́. Oṣù Keje wọ́n mú un wá sí Chicago, ó sì lu bọ́ọ̀lù 21 kọjá ògiri nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 71. Ẹ wá wo àwọn tó dákẹ́ yẹn! Gbogbo wọn ni wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ náà máa sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa béèrè ẹ̀rí.

*

*Àǹtí, wọ́n ní ẹgbẹ́ tó bá burú ló ń kọ́kọ́ yan ọmọ tuntun. A pàdánù 121. Nígbà tí wọ́n pín in ní 2025, ipò kẹwàá ni wọ́n fún wa. Ṣé ọwọ́ ayé kọ́?*
*Ẹni Tí Wọ́n Ń Bá Jà*

Òfin ni, kì í ṣe ayé. Ìbò, bíi ká ṣẹ́ kèké, ni wọ́n fi ń pín ipò àwọn tó burú báyìí, wọ́n sì ti ṣòfin pé ẹgbẹ́ tó wà nílùú olówó kò lè jàǹfààní ìbò yẹn lọ́dún méjì léra wọn. Ìbò ti fún yín ní ipò karùn-ún ní 2024, ẹ ti fi mú Hagen. Nítorí náà, kódà bí ẹ bá pàdánù gbogbo 162, kẹwàá ni òkè téńté yín ní 2025. Billy Carlson ni wọ́n sì fi yàn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní girama ní California.

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo ìyà 2024, ọ̀fẹ́ ni ẹ jẹ ẹ́. Àwọn ìyá wa ní kí n bá wọn sọ ọ́ pé àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

*

*Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ gbà mí. Ọmọ mi wà ní ọdún kejì ní iléèwé àwọn apoògùn. Ó ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ gbá bésíbọ́ọ̀lù. Ó ní ọmọ Yorùbá kan ti ṣe é rí, àti pé òun ti rí fídíò rẹ̀.*
*Bàbá Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ti Ń Ru*

Àbúrò, jókòó, mu omi. Ọmọ kò purọ́. Demi Orimoloye ni yóò máa sọ, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó dàgbà ní Kánádà. Milwaukee Brewers yàn án ní 2015. Ní 2018 wọ́n fi í gba Curtis Granderson lọ́wọ́ Toronto. Ó lágbára, ó ń sáré, ó gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún ní líìgì kékeré, kò sì wọ ti ńlá. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe há tó nìyẹn. Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó wọlé. Pittsburgh gbà á ní 2008, ó di 2017 kó tó dé òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ tó mú igi dúró níbẹ̀, ó lù ú, ó sì dé ibi tó ń lọ. Inú mi dùn sí i títí dòní, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú láti ba ìrètí ọmọ rẹ jẹ́.

Bi í léèrè owó. Hagen Smith gba mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn fagbára gbà ní 2023 ní kí ẹni tó wà ní ìpele Kannapolis gba ó kéré tán 26,200 dọ́là lọ́dún náà, ti Charlotte 35,800. Kí wọ́n tó gba ìyẹn, ṣe ni kí ojú máa tì wá. Ní kó wo ara rẹ̀ nínú dígí, kó sọ fún ọ bóyá ọmọ mílíọ̀nù mẹ́jọ ni òun tàbí ọmọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀nà ẹ̀yìn náà wà o. Ní 1988, àwọn Dodgers yan Mike Piazza ní ìpín 62, sí ipò 1,390, nítorí pé Tommy Lasorda tó ń tọ́ ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ojú rere lásán ni wọ́n fi ṣe. Ọmọ ojú rere yẹn wà nínú ilé àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù lónìí. Ṣé o mọ ẹnikẹ́ni? O ò mọ ẹnikẹ́ni. Ìpín ogún péré ni wọ́n sì ń yàn dé báyìí, wọn kì í yàn dé ìpín 62 mọ́, kí á má tan ara wa.

Sọ fún un pé o ti gbà. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Wá fi kún un pé kó kọ́kọ́ gbàwé ẹ̀rí ná, nítorí gbogbo ajubọ́ọ̀lù Charlotte ni apá ń dùn, ẹni tó bá sì ń ta oògùn fún wọn á pẹ́ nílùú náà jù wọ́n lọ.

*

*Àǹtí Àgbà, aládùúgbò mi, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, Cubs, ẹgbẹ́ kejì ní Chicago, ló ń tẹ̀ lé. Bó bá ti rí mi á ní, “Àwọn ọmọ yín ń dàgbà?” á wá rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn mọ́.*
*Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lẹ́bàá Ọ̀nà 35*

Ẹgbẹ́ tó gba ife ní 1908 tí kò tún rí i gbà títí di 2016 ló ń fi ìwọ tó gbà á ní 2005 ṣe yẹ̀yẹ́? O ti pẹ́ jù kí o tó kọ̀wé sí mi.

Sọ fún un pé Póòpù Leo, ọmọ Chicago, White Sox ni. Lálẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ìdíje àṣekágbá 2005, ó jókòó sáàárín èrò inú pápá, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Oṣù Karùn-ún 2025 ni wọ́n fi jẹ Póòpù. Sáà yẹn, 102 ni White Sox pàdánù. Yọ ọ́ kúrò nínú 121: òfò 19 ló ti dín kù láti ìgbà tí àdúrà ti ń ti Vatican wá, kó tó pé ọdún kan lórí ìtẹ́.

Bó bá ní Póòpù kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, ní Cubs náà kì í ṣe.