Tòkunbọ̀ Nínú Ẹrẹ̀ Georgia

Àbúrò mi ló fi fọ́tò náà han ìyá wa lórí WhatsApp: Corolla mi rèé, ẹrẹ̀ pupa ti bò ó láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù, ibi tí wáípà ti nu gíláàsì iwájú nìkan ló mọ́. Ìyá mi ò tilẹ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìpè wọn wọlé: "Ọmọ mi, Ọlọ́run á kó ọ kúrò ní àdúgbò yẹn. Ṣé ìjọba ibẹ̀ ò mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀ ni?" Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọ̀nà burúkú tí ọmọ àwọn ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní Atlanta.

Ẹ wá wò mí. Ìyá tó ti ń bá kòtò Àpáta ní Ìbàdàn jà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ọ̀nà iṣẹ́ mi ń dán bí àwo? Pé èmi fúnra mi ni mo wa ọkọ̀ lọ sí pápá olóko lọ́jọ́ Sátidé, tí mo sì san dọ́là 60 kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọ inú ẹrẹ̀?

Rallycross ni wọ́n ń pe eré náà. Ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ SCCA ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1944, wà lára àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ fún irú wa tí a kì í fi eré ọkọ̀ jẹun. Wọ́n á to kóònù sórí pápá, ọkọ̀ kan á sáré tán kí òmíràn tó wọlé, aago ni gbogbo wa ń bá du. Bí o bá gbá kóònù kan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá méjì kún tìẹ. Bí o bá fo ẹnu ọ̀nà kan láàárín àwọn kóònù, mẹ́wàá. Gbogbo eré tí o sá lọ́jọ́ náà ni wọ́n sì máa rò pọ̀, wọn kì í yan èyí tó dùn jù nínú wọn. Ìyẹn ò bá mi lára mu rárá. Nílé, awakọ̀ tó bá ti Ìbàdàn dé Èkó ní wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀, ìyẹn náà ni yóò máa ròyìn títí wọn ó fi sin ín.

Kí ni mo wá fẹ́ fi sáré? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Owó oṣù kan ni mo ń gbà, ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ni mo ní. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní máìlì 31 lójoojúmọ́, kó gbé mi bọ̀, kó gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, kó gbé gbogbo wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó wá di pé ó ń wọ ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì. Dọ́là 4,000 ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tòótọ́, ní kí n má wulẹ̀ dààmú, kí n wá jíìpù. Mo ní wọn kì í gba ọ̀pọ̀ jíìpù gíga wọlé, torí ọkọ̀ gíga tètè ń dojú dé lórí kọ́nà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Wọn ò gba jíìpù? Irú òde wo nìyẹn?"

Àwọn tí mo bá lórí pápá ní kí n ra Subaru Impreza, torí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sí ohun tó dùn tó o nínú ẹrẹ̀. Mo rí ọ̀kan tí owó rẹ̀ wọ́lẹ̀, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 àtijọ́. Ìpínlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ náà sì ti jẹ abẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ikán jẹ ilẹ̀kùn. Mo pe ọ̀gá mẹkáníìkì wa ní Ìbàdàn lórí fídíò.

"Ọ̀gá, ẹ káàsán o."

"Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ẹ tan án. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn." Wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn. "Ṣé ó ti gbóná? Bí kò bá tíì gbóná, ẹ ṣí ìdérí rèdíétọ̀. Bó bá ti gbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Kò tíì gbóná. Mo ṣí i.

"Ṣé ọ́ìlì ń léfòó lórí omi yẹn?"

"Ó ń léfòó díẹ̀, Ọ̀gá."

"Tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Bọ̀dá, ẹ kí ẹni tó ni ín dáadáa, kí ẹ máa lọ sílé."

Ẹni tó ń tà á dúró tì mí, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ ohun tí wọ́n sọ.

Miata kan tí mo tún rí náà dára, ó fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ń fi jó lórí ẹrẹ̀. Mo gbé ìyàwó mi lọ wò ó. Ó wo àga méjì tó wà níbẹ̀, ó ka àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tún wo àga méjì náà. Kò sọ nǹkan kan. A padà sílé.

Ká ní ọwọ́ mi ni, Peugeot 504 ni mi ò bá rà. Lọ́dún 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, lọ́dún náà gan-an ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èrò méje sínú rẹ̀ gba ọ̀nà oko, ọkọ̀ eré ìje ni wọ́n ń wà, wọn ò kàn mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Peugeot ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1991.

Bí mo ṣe dé orí Corolla ọdún 2005 nìyẹn. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń tà á, dọ́là 3,200, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, gíà ọlọ́wọ́ márùn-ún. Gíà ọlọ́wọ́ yẹn ló jẹ́ kó pẹ́ lọ́jà: àwọn ọ̀dọ́ tó wá wò ó kò mọ kílọ́ọ̀ṣì í tẹ̀. Nígbà tí mo pe Ọ̀gá, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí tí gbogbo Àpáta ń gùn yìí náà lẹ rìn tó bẹ́ẹ̀ lọ rà? Ẹ rà á. Ọjọ́ tí ẹ bá wá nǹkan rẹ̀ tì níbẹ̀, màá lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Géètì, màá rà á ránṣẹ́ sí yín." Ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n tú ní Amẹ́ríkà, tó gba Kùtọnu wọ Ìbàdàn, tó tún máa padà sí Georgia, kí la ó máa pe ìyẹn? California ni wọ́n ti to Corolla tèmi, kò rí òkun rí. Láàárín àwa méjèèjì, èmi ni tòkunbọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ bá wa ṣeré yìí, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó wo ẹwà ọkọ̀. Mo ka ìwé íńṣọ́ránsì mi láti òkè délẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ nígbà tí mo ń fi du ìje, àwọn ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí o ṣì ń san gbèsè rẹ̀ ní báńkì, má gbé e wọ ẹrẹ̀ o.

Táyà ló tún ná mi lówó díẹ̀. Táyà yìnyín ni wọ́n ń lò, torí ó rọ̀, eyín rẹ̀ sì jinlẹ̀. Mo rí mẹ́rin rà ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹnì kan tó kó wá láti òkè, tó rí i pé kò sí ohun tóun fẹ́ fi ṣe ní Georgia.

Lọ́jọ́ eré àkọ́kọ́, bàbá kan tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún ló ń yẹ ọkọ̀ wò. Ó mi bátìrì bóyá ó dè. Ó di táyà kọ̀ọ̀kan mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó mì í bóyá bẹ́rìnì ti jẹ. Ó yẹ akoto mi wò. Ó wá ní kí n ṣí búùtù, torí òfin ni pé ohunkóhun tó bá lè fò nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ búùtù ọmọ Yorùbá lókè òkun, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Àpò gàrí jáde. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí mo fi ọ̀rá mẹ́ta so lẹ́nu jáde. Fìlà aṣọ ẹbí ìnáwó èṣí, agboorun méjì, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ọdún méjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni odó kékeré kan jáde, èyí tí ìyàwó mi ti ní kí n dá padà fún olódó láti oṣù mẹ́ta. Bàbá náà gbé e sókè, ó wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́, ó rọra gbé e sílẹ̀ lórí koríko bí ọmọ tuntun. Ó ní òun dúpẹ́ pé òun yẹ búùtù mi wò kí n tó yí kọ́nà. Ó wá na ọwọ́ sábẹ́ àga mi, ó fa ìgò òróró àdúrà jáde. Ìyá mi ló fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀. Mi ò lè fi ìyẹn sórí koríko. Mo fi í sápò, mo sì fi í sáré.

Eré náà fúnra rẹ̀ ò gbà pẹ́. Corolla, táyà iwájú ló ń fà á. Bí o bá tẹná jù lórí kọ́nà, iwájú náà ni yóò máa lọ gbọnrangandan, kóònù mẹ́ta ni mo sì fi kọ́ ìyẹn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀ kí n tó yí sítíárì ni ìdí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé mi. Ipò karùn-ún ni mo ṣe nínú ọkọ̀ méje. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, nínú Dodge Neon tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ mẹ́ta, fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá jù mí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní kí n lọ dúró sínú oòrùn, kí n máa gbé kóònù tí àwọn ẹlòmíì gbá ṣubú dìde. Dókítà eléyín kan ló dúró ní òdìkejì mi, òun náà ń gbé kóònù.

Ibẹ̀ ni mo ti ronú kan àwọn awakọ̀ táksí Micra wa ní Ìwó Róòdù, Ìbàdàn. Mo lè búra pé bí wọ́n bá gbé ọ̀kan nínú wọn wá, kò ní fara kan kóònù kan, torí ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba àárín ọlọ́kadà méjì kọjá. Ohun tí yóò ba tiẹ̀ jẹ́ ni pé yóò dúró láàárín pápá láti gbé èrò.

Mo fọ ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó gbé mi dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, odó sì ti padà sínú búùtù. Àwọn aládùúrà ṣì ń gbàdúrà. Ní oṣù tó kọjá, ìyá mi ní kí n máa gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó kù ní àdúgbò wa, ká fi da òkúta sí ojú ọ̀nà yẹn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá pàdé wọn ní Àpáta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ dọ́là 60.