Ẹsẹ Bíbélì Kì Í Ra Òwú

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run. Télọ̀ ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ránṣọ, inú ìjọ wa sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń wá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà. Oníbàárà tí kì í ṣe ará ìjọ á bá mi dúnàádúrà, á bú mi díẹ̀, á sanwó, á gba aṣọ rẹ̀ lọ. Alhaja tó ń ta ata ní òdìkejì sanwó aṣọ Iléyá wọn kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí ará nínú Olúwa gbé aṣọ wá! Ẹsẹ Bíbélì ni yóò fi san àsansílẹ̀, ẹsẹ Bíbélì náà ni yóò fi san èyí tó kù.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù ni ìyá kan báyìí. Mi ò ní dárúkọ, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Màmá. Léèsì ni wọ́n gbé wá. Gbági ni wọ́n ti rà á, owó lọ́wọ́ sì ni, torí àwọn ará Gbági kì í gba Mátíù, wọn kì í gba Lúùkù. Mo rán an, mo fi láínì sí i, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú epo jẹnẹrétọ̀ tí èmi fúnra mi rà. Nígbà tí mo béèrè owó iṣẹ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Télọ̀ Olúwa! Ṣé o ti gbàgbé Dọ́káàsì ni?"

"Mi ò gbàgbé wọn, mà."

"Ṣé Dọ́káàsì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?"

Mo dákẹ́, torí ẹni tó ju ìyá mi lọ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ gbọ́ ohun tí mo gbé mì. Ìtàn yẹn wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Àwọn opó ló ń sunkún yí Pétérù ká, tí wọ́n ń fi ẹ̀wù tí Dọ́káàsì rán hàn án. Opó ni wọ́n o. Wọn ò gbé jíìpù wá. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Dọ́káàsì ń san owó ṣọ́ọ̀bù ní Jọ́pà. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ fún mi rèé: kí Dọ́káàsì tó jí, ó kọ́kọ́ kú ná. Àìsàn ló mú un. Orí bá a ṣe é, Pétérù wà ní Lídà, tí kò jìnnà, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ta ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè fún èmi? Pásítọ̀ wa, tí kì í gbé fóònù lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́?

Ẹ ò ní fi Pọ́ọ̀lù bá mi wí ní tirẹ̀. Pọ́ọ̀lù pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń jẹun. Mo ti ka ibẹ̀ dáadáa, mi ò rí ẹni tó gba àgọ́ láwìn.

Mátíù orí 5 ló tún burú, ibi tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ fún mi bí ẹni ń gé súyà. Ẹsẹ 39 ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, 40 ni ti ẹ̀wù, 41 ni ti ibùsọ̀ kejì. Ọ̀kan kì í wọ́n wọn lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ènìyàn méjì ló wà nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ń gbáni létí, ẹnì kejì ń jẹ ìgbátí. Ẹnì kan ń peni lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀wù, ẹnì kejì ló ni ẹ̀wù. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ ogun Róòmù lè dá Júù dúró lójú ọ̀nà kó di ẹrù lé e lórí, tipátipá. Ẹni tó ru ẹrù ni Jésù ń bá sọ̀rọ̀ nípa ibùsọ̀ kejì. Kò rán ọmọ ogun níṣẹ́ pé kó máa ka ẹsẹ náà sí aláàárù létí. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, tí ẹ ní, "Bọ̀dá, ẹ bá wa lọ ibùsọ̀ kejì," ta lẹ fi ara yín ṣe nínú ìtàn yẹn? Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ń béèrè irú aṣọ tí ẹ wọ̀ ni, kó má lọ jẹ́ pé ti Róòmù náà, èmi ni n ó rán an.

Arákùnrin kan tó jẹ mí lówó dàńṣíkí ní kí n dárí ji òun nígbà àádọ́rin lọ́nà méje. Mo fi fóònù ṣírò rẹ̀, 490 ni. Mo ní kò burú, ìkínní ṣì rèé. Ṣùgbọ́n ká má dúró sí ẹsẹ yẹn. Ìtàn gbèsè ni Jésù fi tì í lẹ́yìn! Ìránṣẹ́ tó jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì wólẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kí ọba ní sùúrù, òun á san gbogbo rẹ̀. Onígbèsè tèmi kì í wólẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ló máa ń fọn, á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, "Télọ̀ wa, ó ku díẹ̀ o!" ó ti kọjá.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní télọ̀ ń purọ́, pé a máa ń ní "ẹ wá lọ́la" títí ìgbéyàwó á fi kọjá, àti pé Jésù ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi, bẹ́ẹ̀ ni ni. Àwọn oníná ni tiwọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ lọ wàásù fún wọn.

Ọjọ́ ìkórè ni ojú mi wá rí nǹkan. Màmá jáde pẹ̀lú léèsì yẹn, gbèsè láti ọrùn dé ìṣẹ́tí. Wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ, ìjọ ń pàtẹ́wọ́, èmi nìkan ni mo ranjú mọ́ wọn. Wọ́n dé ibi gbànjo, wọ́n fi 20,000 náírà ra iṣu mẹ́ta. Iṣu mẹ́ta! Owó iṣẹ́ mi kò tó bẹ́ẹ̀. Inú Mátíù orí 5 kan náà yẹn, ní ẹsẹ 23 àti 24, ni Jésù ti ní bí o bá gbé ọrẹ dé pẹpẹ, tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ọrẹ náà sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Mo ronú pé bóyá Màmá kò rántí ni. Mo dìde lẹ́yìn, mo wá jókòó sí ìlà kejì, níbi tí wọn á ti rí mi. Wọ́n rí mi. Wọ́n juwọ́ sí mi.

Mo mú ẹjọ́ lọ bá pásítọ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní ká fi sínú àdúrà. Mo ní, "Ẹ̀yin sà, Léfítíkù 19 ẹsẹ 13 ní kí owó iṣẹ́ alágbàṣe má sùn mọ́ni lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Ṣé wọ́n lè ka ibẹ̀ fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi?" Odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá láti 1884, láyé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, kò sí ẹni tó lè ní Léfítíkù kò tíì dé Ìbàdàn. Pásítọ̀ ní ìwàásù ọ̀sẹ̀ náà ti wà nílẹ̀, orí Sákéù ni. Inú mi dùn, torí Sákéù ló ṣèlérí láti dá owó tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Wákàtí kan gbáko ni ìwàásù náà gbà. Orí igi síkámórè ni Sákéù wà títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò sọ̀ kalẹ̀ débi owó.

Nísinsìnyí, ẹ̀wù akọrin ti àjọ̀dún ti dé ọ̀dọ̀ mi, a ti rán an, a ti lọ̀ ọ́, a ti fi háńgà kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n lè ní àwọn ò mú owó lọ́wọ́. Kò sí wàhálà, ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní POS.