Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Lùlù

Ọdún 1973 ni ilé-ẹ̀kọ́ orin ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ń rántí afunfèrè Willie Clancy bẹ̀rẹ̀ ní Miltown Malbay, ní Clare, nílẹ̀ Ireland. Oṣù Keje ni wọ́n ń ṣe é. Àárọ̀ ni kíláàsì. Tó bá dalẹ́, ó di ilé ọtí.

Bí ẹ bá rí àwọn eléré tó jókòó yí tábìlì ká, ẹ má rò pé ẹran ọjọ́ iléyá ni, tí gbogbo ayé lè nawọ́ sí. Àga tó ṣófo yẹn, ẹni tó ni ín ló lọ tọ̀. Ẹ má na fóònù sí wọn láìtọrọ àyè, pàápàá bí ọmọdé bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun ò jó, kò jó náà nìyẹn, bó ti wù kí bíà gùn yín tó.

Onílù bodhrán lọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹ̀yin tí ìlù mẹ́ta kì í tó fún ìkómọ, ẹ gbọ́: ẹyọ kan ti tó wọn, àwọn kan tilẹ̀ ní ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó sì ń fun fèrè uilleann, ìgúnpá ló fi ń tẹ ẹwìrì rẹ̀, kì í fẹnu fẹ́ ẹ. Ẹnu rẹ̀ wà nílẹ̀ láti sọ ohun tó rò nípa ìlù yín, orin ò sì ní dúró.